Ìwọ̀, Okùn àti Òjé: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ohun Ìpẹja Òkun

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja lókun, yálà láti etí omi tàbí láti inú ọkọ̀. Ó sì kan àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń ta ìwọ̀, okùn àti òjé lọ́jà, nítorí ẹnu wọn ni ọ̀pọ̀ apẹja ti ń gba ìmọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo àwọ̀n, ẹ má bínú, ẹ bá wa ka èyí ná. Ọ̀rọ̀ okùn àti òjé tó wà nínú rẹ̀ yóò wúlò fún yín díẹ̀.

Ìdí tí a fi mú un wá ni pé owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń yá láti fi ra ohun ìpẹja kì í fi gbogbo ìgbà rì sínú òkun. Orí tábìlì ọjà ló ti máa ń rì nígbà mìíràn. Ẹni tó ra ìwọ̀ tí kò bá ẹnu ẹja tó ń wá mu, ẹni tó ra okùn tí oòrùn ti pa, ẹni tó gbé òjé oníwáyà lọ sórí òkúta, gbogbo wọn ti pàdánù kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi. Bẹ́ẹ̀, oṣù kò ní ṣàìparí, akápò kò sì ní ṣàìbèèrè owó ẹ̀yáwó. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mọ̀ ni pé ìsàlẹ̀ òkun tí ẹ ti ń pẹja, àti ẹja tí ẹ ń wá níbẹ̀, ni kó yan ohun èlò fún yín. Kì í ṣe ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ ẹni rà.

Ọ̀RỌ̀ NỌ́ŃBÀ ÌWỌ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù. Nọ́ńbà ìwọ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà méjèèjì sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà lásán: 1, 2, 4, 6, 8, 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èyí, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Nọ́ńbà 10 kéré gan-an, ti ẹja wẹ́wẹ́ ni. Èkejì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi òdo sí lẹ́yìn, tí ìlà dídagun sì wà láàárín: 1/0, 2/0, 4/0, 6/0, 10/0. Nínú èyí, bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń tóbi. Àárín ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé: nọ́ńbà 1 ló gbẹ̀yìn nínú àwọn kékeré, 1/0 ló sì ṣáájú àwọn ńlá.

Ẹ wá wo bí owó ṣe ń bọ́. Ká ní apẹja kan ń dẹ ẹja ńláńlá, ó sì ránṣẹ́ sí oníṣòwò pé kó bá òun ra páálí ìwọ̀ "nọ́ńbà mẹ́wàá" bọ̀ láti Èkó. 10/0 ló ń sọ. Ohun tí oníṣòwò gbọ́ ni 10. Bó bá rà á, ó ti ra ìwọ̀ tí a fi ń mú ẹja tí kò ju ìka lọ, apẹja kò ní gbà á, ẹni tó tà á fún un kò sì ní gbà á padà. Ta ló jẹ̀bi? Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ránni ra ìwọ̀, kó kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú òdo rẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu pé "mẹ́wàá olódo". Èyí tó dára jù lọ ni kó fi ẹyọ ìwọ̀ kan ránṣẹ́ kí wọ́n fi wé e. Nítorí ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ kan kò bá èkejì dọ́gba. 6/0 ti ọ̀kan lè fi díẹ̀ tóbi ju 6/0 ti èkejì lọ. Àwọn Mustad ti ìlú Gjøvik ní Nọ́wè, tí wọ́n ti ń ṣe ìwọ̀ láti 1877, pàápàá ní oríṣi ìwọ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ, orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò sì tó láti fi ra ọjà. Ẹ wo nọ́ńbà oríṣi tó wà lára páálí pẹ̀lú.

Ìwọ̀ tún ní ìrísí. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ìwọ̀ tó dà bíi lẹ́tà J, tí ṣóńṣó rẹ̀ dojú kọ òkè. Bí ẹja bá gbé e, apẹja ní láti já okùn gbà kí ṣóńṣó tó wọlé. Bí apẹja bá pẹ́ díẹ̀, ẹja ti gbé e mì, ìwọ̀ á sì wọ ikùn lọ. Ẹni tó ń ta ẹja tútù mọ ohun tí ìyẹn ń fà: ẹja á tètè kú, á tú níkùn nígbà tí a bá ń yọ ìwọ̀, oníbàárà á sì dín owó.

Oríṣi kejì ni èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ká wọlé, tó dojú kọ ọ̀pá ara rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ṣe òrùka. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìwọ̀ kíká. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé kò lè mú ẹja kankan láéláé. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ga. Ẹja á gbé ìjẹ mì, á yí padà láti lọ, okùn á fa ìwọ̀ náà jáde láti ọ̀fun láìgún ibì kankan, ìgbà tó bá dé igun ẹnu ló máa tó yí, á sì kọ́ ibẹ̀ ṣinṣin. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe sí i ni jíjá okùn. Ẹ má já a o! Ẹni tó bá já a ti fà á yọ lẹ́nu ẹja. Ẹ kàn jẹ́ kí okùn le díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fà á lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Fún ẹni tó ń dẹ okùn sílẹ̀ tí kò sì dúró tì í, ìwọ̀ kíká ló yẹ é, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a já okùn. Ìjàpá òkun náà kì í tètè gbé e mì bíi ti J. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fi í ṣe dandan ní 2004 fún àwọn tó ń dẹ okùn gígùn lójú Òkun Àtìláńtíkì fún ẹja ńlá. Ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin sí etí òkun tiwa náà, ẹni tó bá sì ti bá ọ̀kan nídìí okùn rẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń ba okùn jẹ́.

ÌSÀLẸ̀ OMI KÒ RÍ BÁKAN NÁÀ

Etí òkun wa kì í ṣe ọ̀kan. Láti Àgbádárìgì títí kọjá Lẹ́kí, iyanrìn ló tẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ti dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní agbègbè Mahin àti Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ẹrẹ̀ rírọ̀ ló gba ibẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà òkun Èkó sì rèé, òkúta ńláńlá ni, èyí tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní nǹkan bí 1908 kí ọkọ̀ òkun lè máa rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó gbé ohun èlò kan ṣoṣo lọ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sunkún ní méjì.

Ẹ jẹ́ ká mú iyanrìn. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni ìgbì àti ìṣàn omi. Ní etí òkun tiwa, omi máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́pọ̀ ìgbà, á sì máa gbé òjé yín lọ pẹ̀lú rẹ̀. Òjé roboto yóò yí gbirigbiri títí yóò fi dé etí omi padà. Níbẹ̀ ni òjé oníwáyà ti wúlò: wáyà mẹ́rin á yọ lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn, á sì gún iyanrìn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dúró létí omi, kó má ju okùn síwájú gbọọrọ. Kó jù ú sí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kó sì tú okùn díẹ̀ sílẹ̀ kó rọ̀. Ìṣàn omi á fà á di bí ọrun, wáyà á sì wọlẹ̀ dáadáa. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀, òjé á kọ́kọ́ dì í mú, ìyẹn náà á sì ran ìwọ̀ lọ́wọ́ láti wọlé.

Fún ẹja tó máa ń fura lórí iyanrìn, a lè ṣe é lọ́nà mìíràn: kí òjé ní ihò tàbí òrùka tí ìyá okùn á gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ ta irin kékeré olójú méjì tí ń yí bírí (èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní súwífẹ̀lì) sí ìsàlẹ̀ òjé, kí ẹ sì ta okùn ìwọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta mọ́ ojú kejì. Ẹja á gbé ìjẹ lọ láìmọ̀ pé ẹrù wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí okùn ń yọ́ gba inú òjé kọjá. Irin ayíbírí náà ṣe iṣẹ́ méjì: kì í jẹ́ kí òjé sọ̀ kalẹ̀ dé orí ìwọ̀, kì í sì í jẹ́ kí okùn lọ́ mọ́ra.

Ẹrẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òjé tó wúwo á rì sínú ẹrẹ̀, bí ìwọ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ òjé, ìjẹ á rì tẹ̀lé e, ẹja tó ń wá oúnjẹ lókè ẹrẹ̀ kò ní rí i. Nítorí náà, ẹ gbé òjé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ìwọ̀ wà lókè rẹ̀ lára okùn ẹ̀ka. Òjé tó pẹlẹbẹ dára níbẹ̀ ju èyí tó rí gbọọrọ lọ, kí ó má sì wúwo ju bí omi ṣe fẹ́ lọ. Báyìí ni ọ̀nà tó yẹ láti fi wá ẹja àpò tó pọ̀ ní ibi ẹlẹ́rẹ̀. Ìwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lára ìyá okùn kan ti tó ẹni tó ń fi ọwọ́ di okùn mú láti inú ọkọ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣírò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni okùn ti máa ń lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà. Okùn ẹ̀ka gbọ́dọ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀ kan kò fi ní lè na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá gùn tó 20 sẹ̀ntímítà, ẹ̀ka méjì tó dojú kọra yóò pàdé ní 40. Ẹ jẹ́ kí àlàfo láàárín wọn jẹ́ 50, wọn kò ní fọwọ́ kan ara wọn. Ìwọ̀ ìsàlẹ̀ náà, kí ó jìnnà sí òjé ju gígùn ẹ̀ka rẹ̀ lọ. Òfin kan náà ni fún ẹni tó ń dẹ okùn gígùn olọ́pọ̀ ìwọ̀ láti ọkọ̀: bí ẹ̀ka bá gùn tó mítà kan, kí àlàfo ju mítà méjì lọ. Ìwọ̀ ọgọ́rùn-ún á wá gba okùn tó ju mítà igba lọ, ẹ má sì gbàgbé okùn tó máa ti òkè sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ní orí méjèèjì. Ẹni tó bá ra mítà igba gééré ti ra ohun tí kò tó, ó sì máa wá fún àlàfo pọ̀ kí ìwọ̀ lè pé. Ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ó wá ku òkúta. Ẹja tó dára wà láàárín òkúta, ìyẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òkúta ni ibojì òjé. Òjé oníwáyà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ọgbọ́n àwọn àgbà apẹja kárí ayé ni pé kí wọ́n fi okùn tí kò lágbára so òjé. Bí ìyá okùn bá jẹ́ ti 40 pọ́n-ùn, ẹ fi ti 10 tàbí 12 so òjé. Bí òjé bá há sáàárín òkúta, ẹ fà á, okùn kékeré á já, òjé nìkan ni ẹ pàdánù, ìwọ̀ àti ẹja á bọ̀ wá sílé. Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ pé òjé yóò máa lọ, kí ló dé tí ẹ fi ń na owó lé e? Púlọ́ọ̀gì mọ́tò tó ti kú, tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù, ń ṣe iṣẹ́ òjé níbẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀tì ńlá tó ti dípẹtà, tàbí àpò kékeré tí a rọ iyanrìn sí. Ṣùgbọ́n okùn tí kò lágbára yìí, ẹni tó ń sọ òjé kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ló wà fún. Kò gbọ́dọ̀ sí nídìí òjé tí a ń fi ọ̀pá jù pẹ̀lú agbára. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ kíyè sí òkúta náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ewé omi máa ń mú un yọ̀, ìgbì kan sì lè ga ju mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Kò sí ẹja tó tó kí ènìyàn kọ ẹ̀yìn sí òkun nítorí rẹ̀.

Kúta nìkan ló tún kù tí a ó mẹ́nu bà níbí. Ehín rẹ̀ ń gé náílọ́ọ̀nù bí abẹ, bó ti wù kí okùn nípọn tó. Ẹni tó ń wá kúta gbọ́dọ̀ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó 20 sí 30 sẹ̀ntímítà sáàárín okùn àti ìwọ̀. Ẹ má fi wáyà náà wá ẹja mìíràn o, nítorí ọ̀pọ̀ ẹja máa ń rí i, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀.

OKÙN ÀTI KÓKÓ

Láti ìgbà tí Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní DuPont ti rí náílọ́ọ̀nù ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1935, okùn òwú ti ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Náílọ́ọ̀nù máa ń nà kó tó já, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ń bá ẹja ńlá jà. Okùn híhun ti òde òní kì í nà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lágbára ju náílọ́ọ̀nù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀ lọ, àmọ́ ó ń ge ọwọ́, òkúta sì ń tètè pa á lára. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán fa okùn, náílọ́ọ̀nù tó nípọn la máa yàn.

Kókó ni okùn ti máa ń já. Kókó lásán tí ọmọdé ń ta lè mú kí okùn pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀, okùn 40 á di 20, ẹni tó rà á kò sì mọ̀. Fún okùn tí kò nípọn jù, ẹ ti orí okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ fi yí ara okùn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ dá orí rẹ̀ padà gba ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwọ̀, kí ẹ tún tì í gba ihò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kí ẹ tó fà á le, ẹ fi itọ́ tàbí omi tutù ú. Èyí kì í ṣe àṣà lásán. Bí okùn gbígbẹ bá ń fara ra ara rẹ̀, á gbóná, ooru yẹn á sì pa á lára níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Ìwọ̀ tí kò ní ojú, tí orí rẹ̀ kàn pẹlẹbẹ, pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja òkun, ìyẹn kò ní gba kókó yìí. Ẹ tẹ́ okùn sí ara ọ̀pá ìwọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po bí ihò, ẹ fi orí rẹ̀ yí ọ̀pá náà pẹ̀lú okùn papọ̀ ní ẹ̀ẹ̀méje tàbí mẹ́jọ, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láìgun ara wọn, lẹ́yìn náà ẹ ti orí rẹ̀ bọ inú ihò náà, ẹ tutù ú, kí ẹ sì fà á. Kí okùn jáde sí iwájú ìwọ̀, ní apá ibi tí ṣóńṣó wà, kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn. Bó bá gba ẹ̀yìn, ìwọ̀ á máa yẹ̀ nígbà tí ẹja bá fà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọ̀pá gígùn ju òjé láti etí òkun, ọ̀rọ̀ yín nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ ọ. Òjé tó bá já nígbà tí ẹ ń jù ú ń lọ bí ọta ìbọn. Ó lè pa ọmọ tó ń ṣeré létí òkun, ó lè pa obìnrin tó ń fọ ẹja lọ. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ta okùn tó nípọn mọ́ iwájú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ okùn. Ìṣirò tí àwọn ajù-òjé ń lò kò le: pọ́n-ùn mẹ́wàá fún áúnsì òjé kọ̀ọ̀kan. Òjé áúnsì mẹ́rin, tí í ṣe nǹkan bíi 113 gíráàmù, ń fẹ́ okùn iwájú ti 40 pọ́n-ùn. Òjé áúnsì mẹ́fà ń fẹ́ 60. Okùn tó nípọn náà gbọ́dọ̀ gùn tó láti orí òjé dé kẹ̀kẹ́, kó sì tún yí kẹ̀kẹ́ náà ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó jù ú. Gbogbo okùn tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti òjé ló gbọ́dọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹni tó ń jù má fi okùn kékeré so òjé. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn kí ẹ tó jù ú.

BÍ A ṢE Ń DÁN ỌJÀ WÒ KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́

Àwọn oníṣòwò, apá tiyín rèé. Nọ́ńbà tó wà lára okùn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òtítọ́. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi wúwo tó kílò 25 àti díẹ̀, nítorí kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ìyẹn sún mọ́ 57 pọ́n-ùn. Okùn tí wọ́n kọ 60 sí lára gbọ́dọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn nílẹ̀. Ti 30 gbọ́dọ̀ gbé omi lítà 12. Ṣùgbọ́n ẹ má ta okùn ní kókó nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, nítorí kókó ló máa kọ́kọ́ já, ẹ ó sì ka ẹ̀sùn sí okùn lọ́rùn láìjẹ̀bi. Ẹ yí i mọ́ igi dídán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lókè, kí ẹ sì yí i mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì bákan náà nísàlẹ̀, kí ẹ tó so orí rẹ̀. Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ni ọ̀tá náílọ́ọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù tó gbé okùn kọ́ síwájú ìta láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá ń ta okùn tó ti kú fún yín, bó ti wù kó máa dán tó. Bí ojú rẹ̀ bá ti di bíi ti ẹ̀fun, tó ń fi ìyẹ̀fun sí ọwọ́, tàbí tó bá ń dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń nà án, ẹ dá a padà. Ìyá tó bá ní ọjà lọ́wọ́, kó fi ẹyọ kan ṣe àfihàn níta, kí ìyókù wà nínú páálí.

Ní ti ìwọ̀, ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́. Bó bá yọ̀ lọ, ó kú. Bó bá kọ́ èékánná, ó mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀mú di ṣóńṣó mú, kí ẹ ṣí i díẹ̀: èyí tó dára á padà sí àyè rẹ̀, èyí tó rọ̀ jù á ṣí sílẹ̀ á sì dúró bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n fi iná pa lára nílé iṣẹ́ á ṣẹ́ kán. Ẹ dán ẹyọ mẹ́ta wò nínú páálí ọgọ́rùn-ún. Olùtajà tó bá kọ̀ fún yín láti dán mẹ́ta wò, ẹ mọ ohun tó ń sá fún. Àwọn kan fẹ́ràn ìwọ̀ tí kì í dípẹtà rárá. Èrò tèmi ni pé ìwọ̀ lásán tí wọ́n fi tíìnì bò dára tó, nítorí pé bó bá já sí ẹja lẹ́nu, á dípẹtà, á sì jábọ́ lọ́jọ́ kan. Èyí tí kì í dípẹtà á wà níbẹ̀ títí.

Ó tún ku òjé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń yọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ láti fi rọ òjé fúnra yín. A ò lè sọ pé ó dára. Òjé jẹ́ májèlé, eruku àti èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́, kò sì sí oògùn tí yóò dá ọpọlọ náà padà sí bó ṣe wà. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Bátìrì náà tún ní ásíìdì nínú. Ẹ ra òjé tí wọ́n ti rọ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ lo púlọ́ọ̀gì àti nọ́ọ̀tì tí a sọ lókè. Ẹni tó bá ní òjé mímọ́ tí òun fẹ́ rọ dandan, kó ṣe é níta gbangba jìnnà sí ilé, kí èéfín máa fẹ́ lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kó má lo ìkòkò oúnjẹ, kó má sì jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan kàn án: omi tó bá bọ́ sínú òjé yíyọ́ á bú gbàmù, á sì fọ́n iná sí ojú ẹni. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Kí apẹja má máa fi eyín tẹ òjé kékeré pọ̀ mọ́ okùn, ẹ̀mú wà fún ìyẹn.

Fún àwọn tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá wọn ra ọjà papọ̀, a ó gba orúkọ yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù sọ ibi tó ti ń pẹja, bóyá iyanrìn ni tàbí ẹrẹ̀ tàbí òkúta, ẹja tó ń wá, nọ́ńbà ìwọ̀ pẹ̀lú òdo rẹ̀ bó bá ní òdo, bóyá ìwọ̀ J tàbí kíká, olójú tàbí aláìlójú, agbára okùn ní pọ́n-ùn àti gígùn rẹ̀ ní mítà, àti ìwọ̀n òjé. Ẹ mú ẹyọ ìwọ̀ kan tí ẹ ń lò lọ́wọ́, kí ẹ fi bébà wé ṣóńṣó rẹ̀ kó má baà gún akọ̀wé. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kó wá bá wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a ó bá a kọ ọ́, a ó sì kà á fún un kí ó tó tẹ̀ka.